Rélùwéè ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà: kí ló dé tí kò wọlé?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ̀ Red Line, rélùwéè ìpínlẹ̀ Èkó, tí mo wọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Agége ni ọkọ̀ òfurufú kan tó ń sọ̀kalẹ̀ kọjá lókè wa. Ó súnmọ́lẹ̀ débi pé gbogbo wa rí táyà rẹ̀. Ìyá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yíjú sí mi, ó ní: "Ọmọ mi, ibi tí eléyìí ń lọ yẹn, ṣé ọkọ̀ tiwa yìí náà á já wa síbẹ̀?" Ọmọ rẹ̀ ló ń bọ̀ láti London, ó ń lọ pàdé rẹ̀. Mo ní: "Rárá o, mà. Ìtòsí ibẹ̀ ló ń dé." Ìyá náà tún wo ìta. "Ìtòsí kẹ̀? Ta ní ń la ọ̀nà dé ìtòsí oko?"

Ìbéèrè yẹn ti wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn láti ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2024 tí Red Line ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Àwọn kan gbà pé ó dé pápákọ̀ òfurufú. Àwọn kan ní ó yẹ kó dé, àmọ́ ẹnì kan ló jẹ owó rẹ̀. Àwọn mìíràn ní kò lè ṣeé ṣe láéláé. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bí èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀

Tẹ́mínà ni ilé tí èrò ti ń wọ ọkọ̀ òfurufú, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù àti ìwé ìrìnnà wò. Pápákọ̀ òfurufú kan lè ní tẹ́mínà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n sì lè jìnnà síra wọn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ìkẹjà nìyẹn. Tẹ́mínà ńlá tí wọ́n ṣí ní 1979 àti èyí tuntun tí wọ́n ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2022 ló wà fún ìrìn àjò òkè òkun. Àwọn tó ń fò lọ sí Àbújá tàbí Port Harcourt, ẹ̀gbẹ́ mìíràn ni tiwọn, èyí tí ará Èkó ń pè ní Local. Ibẹ̀ ni tẹ́mínà tí wọ́n ń pè ní MMA2 wà, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 2007. Ẹni tó bá bọ́ sí tẹ́mínà tí kì í ṣe tirẹ̀, tó gbé àpótí lọ́wọ́, kò ní fẹsẹ̀ rìn ín.

Ẹ̀ka ojú irin ni irin tó ya kúrò lára èyí tó ń lọ tààrà, bí ọ̀nà ẹsẹ̀ ṣe ń ya kúrò lára títì wọ àgbàlá ẹnì kan. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ wọ àgbàlá náà á yà, èyí tí kò fẹ́ á máa lọ.

Bọ́ọ̀sì àlọ-àbọ̀ ni èyí tó ń ti ibùdókọ̀ rélùwéè lọ sí tẹ́mínà, tó sì ń padà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kì í yà síbi kankan, kì í sì í dúró kó kún kó tó gbéra.

Ibo gan-an ni Red Line dé?

Apá kìíní tí wọ́n ti ṣí bẹ̀rẹ̀ ní Agbádò, ó parí sí Òyìngbò. Kìlómítà 27 ni, ibùdókọ̀ mẹ́jọ ló sì wà lórí rẹ̀: Agbádò, Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Mùṣin, Yàbá àti Òyìngbò. Kò sí pápákọ̀ òfurufú nínú wọn. Àmọ́ àwọn tó ń sọ pé ó yẹ kó wà níbẹ̀ kò purọ́. Nínú ètò tí wọ́n kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ fún Red Line, ẹ̀ka kan wà tí yóò yà wọ pápákọ̀ òfurufú, apá kan sì wà tí yóò gbé e láti Òyìngbò kọjá sí Marina. Ẹ̀ka yẹn ni wọn kò tíì kọ́. Ẹ̀wù ni wọ́n rán tí wọn kò tíì rán apá mọ́.

Ohun tó tiẹ̀ ń dùn mí jù ni pé rélùwéè àti pápákọ̀ òfurufú yìí ti jẹ́ aládùúgbò tipẹ́. Ojú irin àwọn òyìnbó ti dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901, Ìkẹjà ló gbà kọjá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n wá ṣe pápákọ̀ òfurufú sí Ìkẹjà kan náà. Ó ti lé ní 75 ọdún tí àwọn méjèèjì ti ń gbọ́ ariwo ara wọn, tí wọn kò sì fọwọ́ kan ara wọn.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí ni pé pápákọ̀ òfurufú yìí ní ẹnu méjì. Ẹni tó ń lọ sí Local lè gba ọ̀nà Ìkẹjà wọlé. Ẹni tó ń lọ sí òkè òkun, títì ńlá tó ti Òṣòdì gba ẹ̀gbẹ́ Mafolúkù àti Ajao Estate ni ó tọ́ sí i jù, èyí tí wọ́n sọ di alálà mẹ́wàá ní 2019. Nítorí náà, ibùdókọ̀ méjì ló yẹ kí àwọn èèyàn máa ronú lé, Ìkẹjà àti Òṣòdì. Ìkẹjà nìkan ni gbogbo wa ń pariwo.

Kí ló ń dí ẹ̀ka náà lọ́wọ́?

Ẹ ronú nípa ilé tí bàbá kú fi sílẹ̀ fún ọmọ ìyá mẹ́ta. Ọmọ ìyá kan ló ni yàrá, ọmọ ìyá kejì ló ni ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ ìyá kẹta ló ni ẹnu ọ̀nà. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi fèrèsé kan kún un, àfi kí mọ̀lẹ́bí pé jọ. Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí nìyẹn. LAMATA tó ń bójú tó ọkọ̀ Red Line jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó. Ojú irin tí ọkọ̀ náà ń tọ̀, òun náà ni ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn ń tọ̀, ti Àjọ Rélùwéè Nàìjíríà ni, ìyẹn ìjọba àpapọ̀. Ilẹ̀ pápákọ̀ òfurufú wà lọ́wọ́ FAAN, àjọ tó ń bójú tó àwọn pápákọ̀ òfurufú, ìjọba àpapọ̀ náà ni, àmọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn ni. MMA2 tún wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ aládàáni. Kí ẹ̀ka kan tó yà wọ inú ibẹ̀, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ jọ buwọ́ lùwé, kí wọ́n sì fẹnu kò lórí ẹni tí yóò sanwó àti ẹni tí owó yóò máa wọlé sí lápò.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ àjọlò irin. Ẹni tó bá ti gbé ilé olójúlé mẹ́wàá rí, tí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo wà fún gbogbo ilé, á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí ẹnì kan bá gbé garawa sábẹ́ rẹ̀, àwọn yòókù á dúró. Ọkọ̀ ojú irin kò lè ya ara wọn sílẹ̀ bíi dánfó. Ọkọ̀ Red Line àti ọkọ̀ Ìbàdàn ń gba àyè fún ara wọn báyìí. Bí ọkọ̀ pápákọ̀ òfurufú bá tún dé, tí ó ń yà wọlé tí ó ń yà jáde, àyè tí yóò gbà á ni láti wá láti ọwọ́ ẹnì kan, àfi bí wọ́n bá la irin mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà.

Ẹ̀kẹta ni ààbò. Ẹ kò lè kọ́ afárá gíga sí ibi tí ọkọ̀ òfurufú ń gbà sọ̀kalẹ̀. Bí ẹ̀ka náà kò bá lè gba òkè, àfi kó gba abẹ́ ilẹ̀ tàbí kó yí po, abẹ́ ilẹ̀ ló sì ń jẹ owó jù nínú gbogbo iṣẹ́ ojú irin. Bó bá yí po, yóò gba orí ilé àwọn èèyàn, owó gbà-má-bínú á sì wọ̀ ọ́.

Èmi kò rò pé ọ̀kankan nínú wọn tó láti sọ pé kó má ṣeé ṣe. Ohun tí wọ́n jọ ń sọ ni pé yóò gba ọ̀pọ̀ ọdún.

Báwo làwọn ìlú mìíràn ṣe ṣe tiwọn?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní Àbújá, ọkọ̀ ojú irin dé pápákọ̀ òfurufú Nnamdi Azikiwe. Oṣù keje ọdún 2018 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí i. Ó dúró ní 2020 nígbà àrùn kòrónà, kò sì gbéra mọ́ títí di ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2024. Nítorí náà, ẹni tó bá ní irú nǹkan báyìí kò lè wáyé ní Nàìjíríà, ẹ tọ́ka Àbújá sí i. Ẹni tó bá sì ní bí a bá ti kọ́ ọ tán, wàhálà parí, ẹ tọ́ka Àbújá kan náà sí i. Odindi ọdún mẹ́rin ni irin wà níbẹ̀ tí èrò kò rí wọ̀.

Èyí tó jọ ti Ìkẹjà jù lójú mi ni Luton, ọ̀kan nínú àwọn pápákọ̀ òfurufú tí àwọn ará wa tó ń gbé London ń lò bí wọ́n bá ń lọ sí ìlú òyìnbó mìíràn. Ní 1999, wọ́n ṣí ibùdókọ̀ rélùwéè kan síbẹ̀, wọ́n pè é ní Luton Airport Parkway. Airport wà nínú orúkọ rẹ̀, àmọ́ nǹkan bíi kìlómítà méjì ló kù kí èèyàn tó dé tẹ́mínà. Bọ́ọ̀sì àlọ-àbọ̀ ló ń gbé èrò láti ibẹ̀ fún ohun tó lé ní 20 ọdún. Ọdún 2023 ni ọkọ̀ kékeré kan, tí kò ní awakọ̀, tí okùn wáyà ń fà lórí irin tirẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ló fi ń dé. Ohun tó yẹ ká kọ́ níbẹ̀ ni pé wọn kò fi èrò sílẹ̀ sójú títì ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń dúró. Bọ́ọ̀sì wà.

New York ní ẹ̀yà méjì ọ̀rọ̀ yìí. Ní JFK, ọkọ̀ AirTrain ti ń so àwọn tẹ́mínà pọ̀ mọ́ ibùdókọ̀ rélùwéè ní Jamaica àti Howard Beach, àdúgbò méjì ní New York níbẹ̀, láti 2003. Láàárín tẹ́mínà sí tẹ́mínà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá bọ́ sí rélùwéè ló ń sanwó. Ní LaGuardia, kò sí rélùwéè rárá. Wọ́n gbèrò láti kọ́ ọ, owó tí yóò ná wọn ń ga sí i, wọ́n sì pa ètò náà tì ní 2023. Ohun tí wọ́n wá dojú kọ ni bọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Q70, tí wọ́n ti sọ di ọ̀fẹ́ láti 2022. Ìlú tó lówó tó New York wo rélùwéè, ó wo bọ́ọ̀sì, ó sì mú bọ́ọ̀sì.

Ti Toronto ni mo fẹ́ kí àwọn aláṣẹ wa gbọ́ dáadáa. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, wọ́n ṣí ọkọ̀ ojú irin UP Express láti àárín ìlú sí pápákọ̀ òfurufú Pearson. Ọkọ̀ náà dára, ó mọ́, ó yá. Owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là Kánádà 27.50 fún àlọ nìkan. Àwọn èèyàn kò wọ̀ ọ́. Àga ṣófo ló ń sáré kiri ìlú. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 2016, wọ́n já owó náà wálẹ̀ sí dọ́là 12, ọkọ̀ kan náà tí kò sí ohun tí wọ́n fi kún un sì bẹ̀rẹ̀ sí í kún.

Ta ni ìsopọ̀ yìí wà fún?

Bí a bá ti dárúkọ pápákọ̀ òfurufú, ẹni tó ń lọ sí London lọ̀pọ̀ èèyàn ń rí lójú inú wọn. Wọ́n á ní kí ẹni tó lè ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú lọ gba táksí. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ló ń gbálẹ̀ tẹ́mínà yẹn? Ta ló ń dáná fún èrò inú ọkọ̀ òfurufú, ta ló ń ru ẹrù, ta ló ń ṣọ́ géètì lóru? Ẹ lọ wo àgbègbè tí wọ́n ti ń gba ẹrù ọjà ní ìdájí, ẹ ó rí àwọn tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde, àwọn tó ń ta oúnjẹ, àwọn tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Arìnrìn-àjò lè wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àwọn wọ̀nyí ń wá lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń ti apá Agbádò, Ìjú àti Agége bọ̀, níbi tí owó ilé ti mọ níwọ̀n, ìyẹn orí ojú irin Red Line gan-an. Bí wọ́n bá bọ́ ní Ìkẹjà, wọ́n á tún máa wá ohun tí wọn ó wọ̀, ọ̀kadà kò sì gbọ́dọ̀ ná ibẹ̀ mọ́ láti oṣù kẹfà ọdún 2022. Bí a bá ka àwọn wọ̀nyí mọ́ èrò, ìṣirò yóò yàtọ̀ pátápátá.

Kí ló lè ṣẹlẹ̀ kí ẹ̀ka irin tó dé?

Ibi tí mo dúró sí nìyí: bọ́ọ̀sì àlọ-àbọ̀ méjì, ọ̀kan láti ibùdókọ̀ Ìkẹjà sí Local, ọ̀kan láti Òṣòdì sí tẹ́mínà òkè òkun. Kò gba ilé wíwó, kò gba irin tuntun. Àmọ́ kì í ṣe bọ́ọ̀sì lásán ni mo ń wí. Ohun tó ń sọ bọ́ọ̀sì di ìsopọ̀ ni bó ṣe bá ọkọ̀ ojú irin mu.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ọkọ̀ ojú irin ń dé Ìkẹjà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀sì náà sì ń gbéra ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí bọ́ọ̀sì bá ń gbéra ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú kí ọkọ̀ ojú irin tó wọlé, èrò tó sọ̀kalẹ̀ á dúró fún ìṣẹ́jú 55, torí ìrìn tí kò tó ìdajì wákàtí. Kò ní dúró. Á lọ gba táksí, ọ̀gá bọ́ọ̀sì á sì kọ̀wé pé àwọn èèyàn kò fẹ́ bọ́ọ̀sì. Ẹ wá fi ìṣẹ́jú 15 kún àsìkò tí bọ́ọ̀sì yẹn ń gbéra. Ìdúró ti di ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìwé àkókò nìkan la yí padà.

Lẹ́yìn àkókò, ẹrù ló kàn. Ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì òkè òkun gba àpótí méjì tí ìkọ̀ọ̀kan wọn tó kílò 23. Ẹ ti gbé kílò 23 gun àtẹ̀gùn afárá ẹlẹ́sẹ̀ rí? Ní àtẹ̀gùn kẹwàá, okùn ọwọ́ rẹ̀ á ti máa jẹ èèyàn ní àtẹ́lẹwọ́. Ní ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ ó gbé e kalẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn á sì máa ní kí ẹ yà fún àwọn. Bọ́ọ̀sì tó kún fún àga láti iwájú dé ẹ̀yìn kò wúlò fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n yọ àga bíi mélòó kan láàárín, kí wọ́n fi irin ìgbẹ́rùlé síbẹ̀, kí ilẹ̀ rẹ̀ sì rẹlẹ̀ kí táyà àpótí lè yí wọlé. Kí ẹ̀rọ agbénisókè ní ibùdókọ̀ sì máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́.

Owó sísan kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Káàdì Cowry tí a fi ń wọ Red Line, Blue Line tó jẹ́ rélùwéè Èkó kejì, àti bọ́ọ̀sì BRT ti wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Kí bọ́ọ̀sì yìí gba káàdì kan náà, kí ẹni tó ti sanwó rélùwéè má tún san púpọ̀ lé e. Ẹ rántí Toronto.

Èyí tó le jù ni wákàtí. Ọkọ̀ òfurufú Àbújá tó ń kọ́kọ́ gbéra láàárọ̀ máa ń lọ ní nǹkan bí aago méje tàbí ṣáájú rẹ̀. Ó yẹ kí èrò ti dé tẹ́mínà kí aago mẹ́fà tó lù. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òkè òkun sì ń lọ ní òru. Bí ọkọ̀ ojú irin kò bá ti jí ní aago márùn-ún ìdájí, tó sì ti sùn kí àwọn tó bọ́ láti òkè òkun tó gba àpótí wọn tán, ìdajì iṣẹ́ náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀sì lè gba ìdajì yẹn, bó bá ń na Òṣòdì títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nǹkan kan tún wà tí kò yẹ kó kọjá wa. Ní ìparí oṣù keje ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí bílíọ̀nù 712 náírà láti tún tẹ́mínà 1979 yẹn kọ́. Nísinsìnyí tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ ló yẹ ká béèrè pé ibo nínú àwòrán náà ni bọ́ọ̀sì yóò ti dúró, ibo ni irin yóò sì gbà wọlé bó bá dé lọ́jọ́ iwájú. Bí a bá mọ ọgbà yí i ká tán ká tó rántí ọ̀nà, a ó tún wó o, owó wa náà la ó sì fi wó o.

Bí ẹ bá ní ìrìn àjò lọ́la ńkọ́?

Bí ẹ bá ń ti Agbádò, Ìjú tàbí Agége lọ sí Local, ẹ bọ́ ní Ìkẹjà. Bí ẹ bá ń lọ sí òkè òkun, ẹ má bọ́ ní Ìkẹjà. Ẹ jókòó títí dé Òṣòdì, kí ẹ gba táksí lórí títì pápákọ̀ òfurufú. Ẹ̀yin tó ń ti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta bọ̀, ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn ń dúró ní Agége, Red Line náà sì ń dúró níbẹ̀, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ àkókò àwọn méjèèjì wò kí ẹ má bàa jókòó síbẹ̀ títí. Ẹ ti fi owó sínú káàdì Cowry yín láti ilé. Ẹ má pe awakọ̀ táksí títí ẹ ó fi jáde kúrò nínú ibùdókọ̀, ẹ sì ná owó náà kí ẹrù yín tó wọ búùtù.

Òṣòdì ni mo ní kí ìyá ọjọ́ náà bọ́ sí. Bí ọkọ̀ ṣe ń fà wọlé, ó so ìborùn rẹ̀ mọ́ ìbàdí, ó ní: "Ṣé ọkọ̀ yìí náà ni èmi àti ọmọ mi á wọ̀ padà?" Mo bi í pé àpótí mélòó ni ọmọ rẹ̀ ń gbé bọ̀. Ó ní méjì, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ kan. Mo ní: "Ẹ gba táksí délé, mà." Ó dúpẹ́, ó sì bọ́ sílẹ̀.